Ìbọn Ńlá tí Verlon Kò Lè Gbé

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá, ẹ sún mọ́ mi dáadáa. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn, wọlé, kó o sì ti ilẹ̀kùn kí eṣinṣin má bàa tẹ̀lé ọ. Ẹ wo bí ilé mi ṣe kún! Inú mi dùn o. Ẹ̀yin tí wọ́n fi èyí ránṣẹ́ sí lórí fóònù, ọmọ mi lẹ̀yin náà. Ẹ má dá a dúró lágbedeméjì. Ẹ kà á débi tí ọ̀rọ̀ ti tán, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà.

1.
Ní Pecan Fork, ní Oklahoma wa níbí, Verlon Tackett ń fi ọkọ̀ gbé gáàsì ìdáná kiri oko. Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Renita. Nírọ̀lẹ́, ọmọ yẹn ń tajà ní ilé epo tó wà lójú títì. Lọ́jọ́ ìsinmi, òun ló ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bí Renita bá ti fọwọ́ kan dùùrù báyìí, orúnkún mi tó ń ro mí á gbàgbé pé òun ń ro mí.

Nígbà tí olè wọ ilé epo yẹn lọ́dún kan, Verlon bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sínú ọkọ̀ níwájú ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, títí ọmọ rẹ̀ á fi ṣíwọ́. Ìbọn ìléwọ́ kékeré kan ń bẹ lápò rẹ̀, èyí tí bàbá ìyàwó rẹ̀ fún un. Táátì-éètì ni wọ́n ń pe ọta rẹ̀. Òfin wa gbà á láyè. Kò wúwo, kò hàn lábẹ́ aṣọ, Verlon sì mọ̀ ọ́n yìn. Bó bá gbé agolo sórí ọgbà, agolo ṣubú nìyẹn.

2.
Níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń mu kọfí láàárọ̀, ìbọn náà yọ nígbà tí Verlon ki ọwọ́ bàpò. Hoyt ọ̀rẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Verlon! Ṣé ìyẹn lo fẹ́ fi lé olè? Olè á ní kó o yá òun kóun fi tayín!"

"Ó ń pa èèyàn, Hoyt."

"Ẹ̀rín ló máa pa olè! Fọ́tí-fáìfù lọkùnrin ń gbé. Ọta rẹ̀ sanra bí àtàǹpàkò!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Verlon náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn há sí i lọ́fun bí eegun ẹja.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló lọ bá Wynell tó ń ta ìbọn, àgbà obìnrin tí kì í purọ́ nítorí ọjà. Wynell ní kó kọ́kọ́ yin fọ́tí-fáìfù wò. Ìbọn ta ọwọ́ rẹ̀ sókè, ọta gba ẹ̀gbẹ́ páálí tó yẹ kó bà kọjá.

"Verlon, ọmọ mi, ọta ńlá tí kò bá nǹkan, ariwo lásán ni. Èyí tó o lè gbé lójoojúmọ́, tó sì ń bá ibi tó o fojú sí, òun ni ìwọ̀n tìrẹ. Má ta tàtijọ́ yẹn."

"Ẹ ṣáà bá mi dì í, mà. Tó bá yá, ọwọ́ mi á mọ́ ọn."

Ó fi kékeré ṣe pàṣípààrọ̀. Ó tún ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ òun sára èèkù ìbọn ńlá náà, TACKETT gàdàgbà, kí Hoyt lè rí i kà.

3.
Orlene ìyàwó rẹ̀ ló fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún mi. Ooru dé, ìbọn náà ń fa ṣòkòtò Verlon wálẹ̀, ó ń gún un níhà bó bá ń wakọ̀, aṣọ fẹ́lẹ́ kò sì bò ó. Bó ṣe di pé ó ń tì í sábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ nìyẹn.

"Bàbá Renita, ìbọn abẹ́ ìjókòó, ta ló ń ṣọ́?"

"Pecan Fork la wà, Orlene. Ta ni yóò jí i?"

Lọ́jọ́ tá a jọ jẹ bàrà olómi lẹ́yìn ìsìn, ó ṣí gíláàsì ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí ooru. Nígbà tó padà débẹ̀, abẹ́ ìjókòó ti ṣófo.

"Lọ sọ fún ọlọ́pàá, jọ̀ọ́."

"Kí Hoyt gbọ́? Kí wọ́n ní ọkùnrin fi fọ́tí-fáìfù tọrẹ fólè? Pa ẹnu mọ́, Orlene."

Ó pa ẹnu mọ́. Ojú tún ti Verlon láti padà lọ ra òmíràn lọ́wọ́ Wynell. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì ń lọ jókòó níwájú ilé epo, lọ́wọ́ òfìfo.

4.
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ dì mí lọ́wọ́ mú níbí yìí.

Ẹnì kan tó faṣọ bojú wọ ilé epo. Verlon rí i. Ọwọ́ rẹ̀ sáré lọ sábẹ́ ìjókòó bó ti mọ́ ọn lára, ó kan irin ìjókòó lásán. Kó tó ṣílẹ̀kùn, ìbọn dún. Verlon mọ ìró náà. Ìró yẹn ló dùn mọ́ ọn nínú lọ́jọ́ tó rà á.

Olè sọ ìbọn sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ fẹ.

Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé Renita lọ ni àwa ará ṣọ́ọ̀ṣì jókòó sí pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀. A gbé adìyẹ díndín lọ, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Hoyt wà níbẹ̀. Ọlọ́pàá kan wọlé, ó gbé ìbọn tí olè sọ sílẹ̀ dání nínú ọ̀rá.

"Ẹ̀gbọ́n Verlon, ẹ má bínú. Ṣé orúkọ yín lèyí?"

Gbogbo wa ló kà á.

"Èmi ni mo ni ín. Wọ́n jí i lọ́jọ́ tá a jẹ bàrà."

"Ẹ ò sì sọ fún wa? À bá ti máa wá a látìgbà yẹn."

Orlene kò sunkún. Ó kàn dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀, ó lọ jókòó sórí àga mìíràn.

Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, dókítà jáde. Renita yóò yè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti lọ, kò ní tẹ dùùrù mọ́.

A dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Hoyt ló kẹ́yìn.

"Verlon, eré ni mò ń ṣe lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀, Hoyt. Èmi ni mi ò mọ̀ pé eré ni."

Hoyt dé fìlà rẹ̀, ó tẹ̀lé wa jáde sínú àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ẹ̀yin ọmọ, mo kìlọ̀ fún yín: ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀rín ọ̀rẹ́ yan ohun tó lè pani. Bí irú rẹ̀ bá sì sọnù lọ́wọ́ yín, ẹ kígbe síta lọ́jọ́ náà gan-an. Ìtìjú ọjọ́ kan kò tó ẹkún ọjọ́ ayé. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.