Ìwé Tí Zulaihat Já Gbà Lọ́jọ́ Iléyá

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin. Ẹ má pa á tì láàárín, torí pípa nǹkan tì láàárín ló kó bá ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

1. Zulaihat, aránṣọ ní Ìsàlẹ̀ Òsì, ló ń kọ́ Karimat ọmọ rẹ̀ níwèé nílé, torí ẹsẹ̀ tó ń dun ọmọ náà kò jẹ́ kó lè rìn dé ilé ìwé. Ó kọ́kọ́ yá. Nígbà tó kan kí wọ́n so lẹ́tà pọ̀ di ọ̀rọ̀, ọmọ dúró sójú kan, ó ń lanu fa lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Oṣù ń gorí oṣù.

Èjìdé, àbúrò ọkọ rẹ̀, sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́: "Ìyàwó wa, ṣé ìwé lò ń kọ́ ọmọ yìí ni, àbí bí wọ́n ṣe ń yán?"

2. Iléyá kù díẹ̀, gbogbo mọ̀lẹ́bí ń bọ̀. Zulaihat pa lẹ́tà tì. Ó mú ojú ìwé kan, ó ń kà á sí Karimat létí kó lè mọ̀ ọ́n sórí.

"Màámi, mo fẹ́ wo ọ̀rọ̀ ibẹ̀."

"Má wo nǹkan kan. Ṣáà máa wí tẹ̀lé mi!"

3. Lọ́jọ́ Iléyá, Karimat kà á geere. Ilé hó yèè. Inú Bàbá Àkíbù, àgbà agboolé, dùn, ó ṣí ojú ìwé kejì.

"Ọmọ mi, ka èyí náà fún mi."

Karimat fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀. "Ì... ìyá... ìyá à... àgbà..."

Èjìdé bú sẹ́rìn-ín. "Bátìrì ti tán o!"

Ojú ti Zulaihat, ó já ìwé gbà. "Panu mọ́! O fẹ́ dójú tì mí ni?"

Bàbá Àkíbù mi orí. "Ìyá Karimat, orin ni tàkọ́kọ́ yẹn. Èyí tó ń fà yìí gan-an ni ìwé kíkà. Ọmọ ti ń kàwé, ìwọ lo dá a dúró."

Látọjọ́ náà, bí Karimat bá rí ìwé, á kọjú sógiri. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ, kò fọwọ́ kàn án.

4. Zulaihat kò bá a jà. Láràárọ̀, á ṣí ìwé sórí itan ara rẹ̀, á máa kà á sókè, á máa fa ọ̀rọ̀ bí ọmọ ṣe fà á. Òjò ti bẹ̀rẹ̀ kí ìka kékeré kan tó wá bá tirẹ̀ lábẹ́ ọ̀rọ̀. Lónìí, Karimat ló ń ka ìwé ìròyìn fún Bàbá Àkíbù. Ó ṣì ń fà á, àmọ́ ó ń kà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́mọ nílé, ẹ ṣọ́ra o! Ẹ má torí ẹnu ayé sọ ọmọ yín di ayékòótọ́. Àwa bíríkìlà tí à ń po kankéré mọ̀ pé ẹni tó bá yọ igi abẹ́ dẹ́kìn pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kí kankéré rẹ̀ tó gan, orí ara rẹ̀ ló ń wó o lé. Ẹ jókòó ti ọmọ yín, ẹ má kánjú, ẹ má sì dákẹ́.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.