Ọ̀gá Tó Fi Fírídọ̀ọ̀mù Du Ọmọ Iṣẹ́ Ẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀. Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti mọ ibi tó ń lọ. Ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ ọ̀gá inú ìtàn yìí l'Ágége ni mo ti ń ránṣọ nígbà náà. Ojú mi ló ṣe.

1.

Ayé Sáàpù ni, ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́dìí. Owó fláwà ń fò sókè, àwọn iléeṣẹ́ Ìkẹjà ń dá òṣìṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ṣé a lè bímọ ká má sọ ọ́ lórúkọ ni? Ẹni tó bá ní ìnáwó, ọ̀dọ̀ Ojúọlápé, ọ̀gá oníkéèkì, ló ń bọ̀. Ọmọ Oǹdó ni. Kòkó oko bàbá ẹ̀ ló ń yan, tí wọ́n ń bá a lọ̀ ọ́ kúnná, tó fi ń ṣe kéèkì ṣokoléètì kéékèèké inú bébà. Ó dúdú, ó rọ̀, bọ́tà á máa yọ́ lẹ́nu ẹni. Háà! Itọ́ ń dà lẹ́nu mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: ọwọ́ Sùlíyá ló ń ṣiṣẹ́ náà. Sùlíyá ni ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún. Òun ló ń pò ó, òun ló ń ṣọ́ iná èédú, òun ló mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n ṣí ààrò. Ọdún méjì ni wọ́n jọ ṣàdéhùn. Ó ti wọ ọdún kẹrin, ọ̀gá ò dárúkọ fírídọ̀ọ̀mù.

2.

Sùlíyá ní àfẹ́sọ́nà, Gàníyù. Iléeṣẹ́ aṣọ kan n'Íkẹjà dá a dúró, ló bá gba Kánò lọ, ó ń tajà. Bàbá Sùlíyá sì ti fàáké kọ́rí pé ọmọ òun ò ní wọlé ọkọ láìgba fírídọ̀ọ̀mù, torí ọmọ tó bá sá níṣẹ́, àdúrà ọ̀gá ò bá a lọ.

Tí àárò Gàníyù bá ń sọ ọ́, á jókòó sídìí ààrò, á pè mí.

"Àǹtí Télọ̀, ṣé Kánò jìnnà tó báyìí ni?"

"Ó jìnnà, ọmọ mi."

"Mi ò tiẹ̀ rántí ohùn ẹ̀ dáadáa mọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn. Mo lọ bá Ojúọlápé, mo ní kó tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló máa wá po kéèkì mi? Ìwọ?" Ẹ gbọ́ mi o, mo bínú kúrò níbẹ̀.

3.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ tẹ̀ lé e, Ojúọlápé fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ fún mi nígbẹ̀yìn ni. Gàníyù wá láti Kánò lọ́jọ́ kan tí Sùlíyá lọ lọ kòkó lọ́jà. Ó dúró títí, ṣùgbọ́n rélùwéè ò ní dúró dè é.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi sọ fún un. Bàbá mi ní tó bá fi máa di lẹ́yìn Iléyá, àwọn á fẹ́ ẹlòmíì fún mi. Tó bá ṣì fẹ́ mi, kó kọ lẹ́tà sí mi, màá wá bẹ bàbá ẹ̀."

"Mo ti gbọ́. Màá sọ fún un."

Kò sọ. Iṣẹ́ pọ̀ lóṣù yẹn, ó sì mọ̀ pé tí ọmọ náà bá gbọ́, kò ní jókòó. Ó ní tí Iléyá bá lọ tán, òun á sọ. Iléyá lọ, kò sọ.

4.

Lẹ́yìn Iléyá, ìyá kan wá láti Dópèmú. Ó fẹ́ igba kéèkì fún yìgì ọmọ ẹ̀, kí wọ́n kọ G àti F sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dárúkọ ọkọ ìyàwó. Ojúọlápé mọ ẹni tí í ṣe, síbẹ̀ ó gba iṣẹ́ náà! Sùlíyá fi ṣúgà funfun kọ gbogbo ẹ̀, ó kọ ọ́ dáadáa.

Ìyá náà wá kó kéèkì lọ́jọ́ yìgì, inú ẹ̀ ń dùn.

"Kí lorúkọ wọn, mà, kí n lè ṣàdúrà fún wọn?" Sùlíyá ló bi í.

"Fàúsát lọmọ mi. Gàníyù lọkọ, Kánò ló ti ń tajà. Èèyàn jẹ́jẹ́! Ó ní ẹnì kan tẹ́lẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ kéèkì l'Ágége yìí. Ó ránṣẹ́ sí i lọ́wọ́ ọ̀gá ẹ̀, kò fèsì."

Sùlíyá wo ọ̀gá ẹ̀. Ojúọlápé wolẹ̀.

Ọmọ yẹn fọwọ́ ara ẹ̀ gbé kéèkì sínú ọkọ̀ fún ìyá náà. Ó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó yẹ wọ́n, mà." Ó wọlé, ó mú báàgì ẹ̀.

"Níbo lò ń lọ? O ò tíì gba fírídọ̀ọ̀mù o!"

"Ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sọ́wọ́, mà."

5.

Kéèkì Ojúọlápé ń jìn láàárín látọjọ́ yẹn. Àwọn oníbàárà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn ún jù. Ojúọlápé ò bímọ, ẹ̀yin èèyàn mi; Sùlíyá ló dà bí ọmọ fún un. Á gbàgbé, á pariwo pé, "Sùlíyá, wá wo iná yìí!" Á wá rántí, á jókòó, á máa wo ẹnu ọ̀nà. Ọ̀sán gangan ni mo máa ń gbọ́ ẹkún ẹ̀.

Nígbà tí ọdún yípo, ó kọ ìwé fírídọ̀ọ̀mù, ó bẹ̀ mí ká jọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. A bá Sùlíyá níbi tó ti ń bẹ ẹ̀gẹ́. Kò tíì lọ́kọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ọmọ tó níwà.

"Dárí jì mí, ọmọ mi. Wá gba àdúrà."

Ó tẹríba. Ojúọlápé gbé ọwọ́ lé e lórí. "Ọlọ́run á... Ọlọ́run á fún ẹ ní ọkọ..." Ibẹ̀ ló dúró sí. Ó tún bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló tún dúró sí. Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń dúró kí àdúrà parí kó lè ṣàmín.

Nígbà tó pẹ́, ó dìde, ó gbọn eékún ẹ̀.

"Ó ti tó, mà. Ẹ máa lọ, kí mọ́tò má baà wọ́n yín."

Ó padà sídìí ẹ̀gẹ́ ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, ọjọ́ tí àdéhùn bá pé, ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, nígbà tí ẹnu yín ṣì lè gbà á. Ẹni tó bá sì rán yín níṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹ jẹ́ iṣẹ́ náà lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi ìtàn yìí ran ọ̀gá tí ẹ mọ̀ lọ́wọ́ kó tó pẹ́ jù. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá ẹ̀ délé.