Àwọ̀ Ìkókó

Ẹnjiníà kan tẹ bọ́tìnnì kámẹ́rà tó ń ṣe lọ́wọ́, àwòrán sì yọ lójú kọ̀ǹpútà: ọmọ rẹ̀ tuntun pọ́n bí ìyeyè.

Ìyàwó rẹ̀, tó gbé ọmọ náà dání níwájú kámẹ́rà, bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá Ìkókó, kámẹ́rà ẹ ti kun ọmọ mi lọ́dà."

"Ètò tó ń darí rẹ̀ ni. Màá tún un ṣe." Ọ̀sán ọjọ́ náà ló fẹ́ fi kámẹ́rà náà han ọ̀gá rẹ̀.

Ó dín pípọ́n náà kù. Ara ọmọ gún régé, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn funfun ẹ̀yìn wọn di búlúù. Ó dá a padà. Ilẹ̀kùn funfun, ẹ̀wù ìyàwó rẹ̀ náà funfun, ọmọ nìkan ló pọ́n.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo gílóòbù tó ń tàn yòò lókè, tó mú kí gbogbo yàrá pọ́n lójú wọn. Kámẹ́rà nìkan ni iná yẹn ò tàn jẹ.

"Gbé e wá sójú fèrèsé."

Wọ́n ká kọ́tìnnì. Ẹyinjú ọmọ náà ti pọ́n lóòótọ́.

Wọ́n sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ní ibà pọ́njú ni, pé wọ́n tètè gbé e wá, kò sì ní pẹ́ lọ. Ó bo ọmọ lójú, ó tẹ́ ẹ sábẹ́ iná búlúù tí wọ́n fi ń wo ibà náà, ọmọ sì ń ta ẹsẹ̀ bí ẹni ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọkàn ìyàwó balẹ̀. Ó fi ìgúnpá tọ́ ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìkókó, ó tún ti di búlúù o."

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀," ni ẹnjiníà wí, tó ń nu ojú rẹ̀. "Èyí ò sí lọ́wọ́ mi."