Ilé Onítáyà Àwẹ̀ró

Inú ilé onítáyà ni Làmídì àti Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ ń gbé, torí iṣẹ́ ọ̀nà lílà kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbì kan. Bí wọ́n bá ń ṣí kúrò ní ibùdó, Làmídì á so ilé náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ àtijọ́, Àwẹ̀ró á sì jókòó sínú rẹ̀. Bó bá kan ògiri lẹ́ẹ̀kan, àmì pé kí ọkọ rẹ̀ dúró ni. Bó bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, kó máa lọ.

Àwẹ̀ró ti sọ pé ìlú ìyá òun ni kí wọ́n sin òun sí, ṣùgbọ́n òjò ti gbé afárá ọ̀nà ibẹ̀ lọ nígbà tó kú. Ibùdó ni wọ́n sin ín sí. Lálẹ́ yìí, Làmídì ń wọ́ ilé náà lọ sí ìlú tirẹ̀, Àǹtí Sìkírá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì jókòó tì í.

"Ìkòkò méjì àti bẹ́ẹ̀dì ló kù níbẹ̀," ni Àǹtí Sìkírá wí bí ọkọ̀ ti ń mí hẹlẹ gun òkè. "Kí ló wá wúwo tó báyìí? Àbí ọkọ̀ ẹ ti darúgbó bíi tèmi?"

Làmídì ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dé oríta tó yà sí ìlú ìyá Àwẹ̀ró, nǹkan sì kan ògiri ilé náà lẹ́yìn wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó tẹ bíréèkì.

"Ṣebí o ti ilẹ̀kùn yẹn pa?"

"Mo tì í, Àǹtí mi. Kọ́kọ́rọ́ rèé."

Wọ́n gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí, tó sì rọra padé. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan ara ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé Làmídì.

"Àwẹ̀ró, bá mi kí Màmá," ni Làmídì wí sínú òkùnkùn.

Ó pẹ́ kó tó lè gbéra. Nígbà tó gbéra, ọkọ̀ náà fúyẹ́ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀.