Yàrá Tó Kọjú sí Òkun

Moríkẹ́ gúnlẹ̀ sí Aráròmí láàárọ̀ pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Igbókòdá ló ti wá. Jọọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń bá àlejò wá ilé, ti ń retí rẹ̀. Wọn ò rí ara wọn rí. Lórí fóònù, ohun tí obìnrin náà tẹnu mọ́ ni pé òun gbọ́dọ̀ mọ bí àdúgbò ṣe rí kí òun tó gba yàrá.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa gbé ibẹ̀?"

"Èmi nìkan ni."

Jọọlá fẹ́ ra búrẹ́dì fún un. Ó ní oúnjẹ ò wu òun.

Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ wò jìnnà sí omi. Bíríkì ni, ọgbà yí i ká. Tọkọtaya tí òkun lé kúrò ní Ayétòrò ló wà ní yàrá kejì.

"Omi ò dé ibí rí, mà," ni Jọọlá wí. "Olè náà ò dé ibí."

Moríkẹ́ yọjú lójú fèrèsé. Ògiri ọgbà nìkan ló rí.

"A ò lè rí etíkun láti ibí."

"Ọkàn yín á sì balẹ̀, mà."

"Jẹ́ ká wo òmíràn."

Wọ́n gba orí iyanrìn lọ. Moríkẹ́ rí ajá méjì tí wọ́n ń tú pàǹtí.

"Ṣé ajá pọ̀ létíkun báyìí?"

"Wọn kì í bu ènìyàn jẹ, mà."

"Bá mi bẹ àwọn tó ni wọ́n kí wọ́n máa so wọ́n mọ́lẹ̀."

Jọọlá rẹ́rìn-ín, ó ní òun á bá wọn sọ ọ́.

Àwọn apẹja kan jókòó, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe. Moríkẹ́ kí wọn. Ó bi wọ́n pé, bí wọ́n bá rí ohun tí kì í ṣe tiwọn létí omi, kí ni wọ́n máa ń ṣe? Muzammil, tó dàgbà jù nínú wọn, ló dáhùn.

"A máa ń ké sí ará ìlú, màmá, títí ẹni tó ni ín á fi yọjú."

"Ẹ kì í gbé e kúrò kí ẹ tó ké?"

"Láéláé."

Moríkẹ́ kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Jọọlá rò ó pé olè ti fojú obìnrin yìí rí nǹkan.

Ilé pákó kan dá dúró létí omi gan-an. Jọọlá ò fẹ́ kí wọ́n yà síbẹ̀. Moríkẹ́ ló dúró. Arúgbó tó ni ilé, Ìyá Ṣìkẹ́mi, jáde sí wọn.

"Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọmọ mi. Iwájú ilé yìí ti wọ inú òkun. Àwọn ayálégbé mi ti kó lọ tán. Bí omi bá ti kún, ibí ló ń da gbogbo ẹrù rẹ̀ sí."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Pákó o, àwọ̀n o, ohunkóhun tó bá gbé. Ilẹ̀ á mọ́, wàá bá a lẹ́nu ọ̀nà."

"Mo máa gbà á."

Arúgbó náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti gbọ́ ohùn ènìyàn nínú ilé náà.

Inú bí Jọọlá. "Mà, Igbókòdá tẹ́ ẹ ti wá, ẹ̀rù omi ò sí níbẹ̀. Kí lẹ wá ń wá nínú ewu?"

Moríkẹ́ kọjú sí òkun. "Ọkọ̀ ojú omi tí Dáre ọmọ mi wọ̀ dojú dé," ó ní, "wọ́n sì ti rí òkú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ lọ, àfi tirẹ̀."