Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Asese

Nígbà tí Ẹgbẹ́ Ẹsẹ̀yá, ẹgbẹ́ àwọn sárésáré Ìbàfò, fẹ́ ṣe ayẹyẹ ọgbọ̀n ọdún, Jọkẹ́ ni wọ́n ní kó kọ ìtàn ẹgbẹ́ náà. Tíṣà ni Jọkẹ́ ní Mowe. Ó ti di ọdún mẹ́rin tó ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, láti ìgbà tí wọ́n ti yí òfin padà pé kì í ṣe ọkùnrin nìkan ni wọ́n máa gbà mọ́. Alága wọn, Olúfúnṣọ́, kó fáìlì mẹ́ta àti àpò fọ́tò kan lé e lọ́wọ́. Ó ní kó fara balẹ̀ kọ ti eré-ìje àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n sá láti Ìbàfò dé Asese ní ọdún 1997, torí pé orúkọ Ládélé tó gbégbá orókè níjọ́ náà ni wọ́n fẹ́ fi sọ pápá tuntun wọn.

Kò sí ohun tó rú Jọkẹ́ lójú títí ó fi dé fáìlì kejì. Ibẹ̀ ló ti rí ìwé ìpàdé tí akọ̀wé wọn àkọ́kọ́, tó ti di olóògbé báyìí, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ládélé káfíńtà, ọmọ ẹgbẹ́ tuntun, já bọ́ láti orí òrùlé, pé egungun ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kán, àti pé ó tọrọ ààyè oṣù mẹ́ta. Jọkẹ́ wo déètì ibẹ̀. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún péré ló kù kí wọ́n sá eré náà.

Ó wá fọ́tò eré ọ̀hún jáde. Ẹni tó wà níwájú fa fìlà bojú, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá gígùn, ó sì dorí kodò. Àwọn yòókù tó ń bọ̀ lẹ́yìn, síńgílẹ́ẹ̀tì ni wọ́n wọ̀.

Olúfúnṣọ́ wà lára àwọn tó sáré níjọ́ náà, òun ló ṣe ipò kẹta. Jọkẹ́ bi í bí wọ́n ṣe yọ̀ mọ́ Ládélé. Ó ní kí òun tó dé, Ládélé ti lọ, wọ́n ní inú ń run ún. Akọ̀wé ló gbé ife-ẹ̀yẹ lọ bá a nílé. Ìṣẹ́yìn ni Ládélé ti wá, kò tí ì pẹ́ láàárín wọn, kò sì bá wọn sáré mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

"Ṣé ẹ rí ojú wọn níjọ́ náà, sà?"

"Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo rí," ni Olúfúnṣọ́ wí. "Ẹ̀yìn rẹ̀ náà ni gbogbo wa rí."

Jọkẹ́ kò sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn. Ó ti dá a lójú pé Ládélé wá sárésáré kan láti Èkó kó wá bá a sá a, àti pé akọ̀wé mọ̀ sí i, ó kàn bò ó ni. Ohun tó dùn ún jù ni ti Ògúnkànmí tó ṣe ipò kejì. Baba náà kú ní èṣí, títí tó fi kú ló sì ń sọ pé ẹni tó ju òun lọ ló na òun. Jọkẹ́ pinnu pé òun kò ní fọwọ́ òun kọ irọ́ síbẹ̀, pápá ì báà má lórúkọ.

Lówùúrọ̀ Sátidé, ó wọkọ̀ lọ sí Àgbàdo. Ẹ̀yìn rélùwéè ni Ládélé ń gbé pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Jọkẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyàwó náà gbé omi fún un, ó wò ó láti òkè délẹ̀, ó sì padà sídìí ẹ̀wà tó ń sè nínú ilé ìdáná. Kò ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí Jọkẹ́ bi í nípa eré náà, Ládélé bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ó ní òjò ká àwọn mọ́ Mowe.

"Asese ni," ni ìyàwó rẹ̀ wí láti ilé ìdáná.

Ládélé ní bẹ́ẹ̀ ni, Asese ni. Ó ní Ògúnkànmí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òun. Ìyàwó rẹ̀ tún ní kò sún mọ́ ọn rárá, ọ̀nà jìn láàárín wọn. Jọkẹ́ gbé bírò sílẹ̀. Lójú tirẹ̀, àwọn méjèèjì ti jọ há irọ́ náà sórí, ọ̀kan ló wá gbàgbé apá tirẹ̀. Ó ṣí ìwé ìpàdé náà síwájú Ládélé.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta lẹ bẹ̀ kó bá yín sá a?"

Ládélé wo ìwé náà títí. Ó ń fọwọ́ pa orúnkún ọ̀tún rẹ̀.

"Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni," ló wí. "Mo tiẹ̀ ní kó má lọ. Ó ní nọ́ńbà tí mo fẹ́ lẹ̀ máyà sáré ti wà nílẹ̀, kò yẹ kó ṣòfò."

Jọkẹ́ bi í bóyá ọkùnrin náà ṣì wà láyé. Ládélé kọjú sí ilé ìdáná.

Ìyàwó rẹ̀ sọ ìkòkò kalẹ̀, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wá jókòó síwájú Jọkẹ́, ó sì ní, "Mú bírò rẹ, ọmọ mi, èmi ni mo sá a."