Ọwọ́ Onígìtá

Onígìtá kan ń fi gìtá rẹ̀ ta orin rọ́ọ̀kì níwájú ṣọ́ọ̀bù ohun èlò orin kan n'Íkẹjà nígbà tí bàbá àgbàlagbà kan wá dúró tì í. Bàbá ò gbójú kúrò lára ìka rẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú wọn.

"Bàbá, ẹ fẹ́ràn rọ́ọ̀kì ni?"

Bàbá ṣì ń wo ìka rẹ̀. Hassanat, ọmọ wọn, sáré dé, ó dì wọ́n lápá mú.

"Ẹ má bínú, wọn ò gbọ́ yín ni. Ariwo ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ l'Ágége ló dí wọn létí. Jùjú làwọn náà ń ta nígbà kan. Wọn ò fẹ́ gbọ́ rọ́ọ̀kì sétí rárá nígbà yẹn. Ní báyìí, ẹni tó bá ṣáà ti mọ gìtá ta, wọ́n á dúró wo ọwọ́ ẹ̀."

Onígìtá náà gbé àtẹ́lẹwọ́ bàbá lé ara gìtá rẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta rọ́ọ̀kì rẹ̀. Bàbá ń mi orí díẹ̀díẹ̀.

"Jùjú nìyẹn, àbí?" Ńṣe ni bàbá fi ariwo béèrè.

Onígìtá wo Hassanat, ó sì mi orí sí bàbá pé bẹ́ẹ̀ ni.

Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n dijú, wọ́n gbé orin jùjú kan tí kò bá gìtá náà mu rárá. Onígìtá ò mọ jùjú ta, àmọ́ ó ń wá orin náà kiri lórí okùn.